Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìrìnàjò Kano Jigoro, Olùkọ́ Ìjà Tí Kò Dẹ́kun Ẹ̀kọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó ti ìlà-oòrùn wá àti ẹni tí ó ti ìwọ̀-oòrùn wá, inú ọjà kan náà ni wọn yóò ti pàdé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìmọ̀ rí. Ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀nà tí bàbá òun tọ̀ nìkan ni ó dé ọjà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì rìn jìnnà ni.

Nínú àròkọ yìí, ìtàn ọkùnrin kan tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ìmọ̀ ìjà kiri ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa. Kano Jigoro ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànì ni. Òun ni ó dá jùdó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ jùdó, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ó mọ̀ pé olùkọ́ ilé-ìwé ni ẹni tí ó dá a sílẹ̀, pé iṣẹ́ olùkọ́ náà ni ó sì fi jẹun ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Èyí ni ó mú kí ìtàn rẹ̀ wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ kékeré tí wọ́n ń fìyà jẹ

Ọdún 1860 ni wọ́n bí Kano ní Mikage, ìlú etíkun kan tí kò jìnnà sí Kobe. Ìdílé tí ń pọn ọtí ìrẹsì ni wọ́n bí i sí, wọ́n sì rí jájẹ. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì wà ní ọmọdé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Tokyo, níbi tí ó ti ka ìwé àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà, tí ó sì tún kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Jámánì.

Ní ọdún 1874, wọ́n fi í sí ilé-ìwé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé inú ọgbà. Orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní ìgbà èwe rẹ̀, gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju kìlógíráàmù 41 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé inú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tí ojú ọmọ tí ó kéré tí ó sì mọ̀wé máa ń rí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa gbá a, wọn a máa tì í ṣubú. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fà sí jujutsu, ìjà àtayébáyé ilẹ̀ wọn, nítorí ó gbọ́ pé nínú rẹ̀, ẹni tí kò lágbára lè da alágbára dùbúlẹ̀. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ọ? Bàbá rẹ̀ kò fẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ìdílé wọn tí wọ́n mọ ìjà náà sọ fún un pé ohun àtijọ́ ni, pé kò wúlò mọ́.

Ìjà tí ayé ti kẹ̀yìn sí

Kí a lè mọ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí ayé ṣe rí ní Jàpáànì nígbà náà. Ní ọdún 1868, ìjọba àwọn olórí ogun tí wọ́n ti ń ṣàkóso fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún wó, agbára sì padà sí ọwọ́ ọba ńlá. Ìjọba tuntun náà kọjú sí ọ̀nà àwọn òyìnbó: ọkọ̀ ojú irin, aṣọ òyìnbó, ilé-ìwé òde òní. Ní ọdún 1876, wọ́n fòfin de àwọn sàmúráì pé kí wọ́n má fi idà kọ́ ara rìn mọ́. Àwọn tí ń kọ́ni ní ìjà pàdánù iṣẹ́ wọn. Púpọ̀ nínú wọn yí padà di ẹni tí ń to eegun tí ó bá yẹ̀ tàbí tí ó kán, nítorí ẹni tí ó mọ bí a ti ń yẹ eegun mọ bí a ti ń dá a padà.

Ọgbọ́n yìí gan-an ni Kano fi wá olùkọ́ rí. Nígbà tí ó wọ Yunifásítì Tokyo ní ọdún 1877, ilé àwọn tí ń to eegun ni ó ń wọ̀ kiri, tí ó ń béèrè bóyá wọ́n mọ ẹni tí ó lè kọ́ òun ní jujutsu. Abèèrè kì í ṣìnà. Ọ̀kan nínú wọn ni ó júwe Fukuda Hachinosuke fún un, olùkọ́ nínú ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Tenjin Shin'yo-ryu. Nínú ẹ̀ka yìí, wọ́n mọ bí a ti ń di ènìyàn mọ́lẹ̀, bí a ti ń fún un lọ́rùn àti bí a ti ń lọ́ ọ lápá.

Olùkọ́ mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta

Ní ọjọ́ kan, Fukuda gbé Kano ṣánlẹ̀. Kano dìde, ó béèrè bí wọ́n ti ń ṣe é: ibo ni ọwọ́ wà, ibo ni ẹsẹ̀ wà? Dípò kí olùkọ́ rẹ̀ ṣàlàyé, ńṣe ni ó tún gbé e ṣánlẹ̀. Ó tún béèrè, wọ́n tún gbé e ṣánlẹ̀. Ohun tí Fukuda ní lọ́kàn ni pé ara ni yóò kọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu. Kano kò bá olùkọ́ rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ìbéèrè rẹ̀. Gbogbo ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ní ìgbésí ayé rẹ̀, ìdáhùn sí ìbéèrè ọjọ́ náà ni.

Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan wà nínú ilé ẹ̀kọ́ náà tí ń jẹ́ Fukushima. Kano kò lè dá a rárá. Ó lọ wo ìjàkadì sumo bóyá yóò rí ọgbọ́n kan kọ́ níbẹ̀. Èyí kò gbà á. Ó wá lọ sí ilé ìkàwé, ó ka ìwé lórí ìjàkadì àwọn òyìnbó, ó sì rí ọgbọ́n kan níbẹ̀ tí a fi ń gbé ènìyàn sórí èjìká kọjá sí òdìkejì. Ó fi í dánra wò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi gbé Fukushima ṣánlẹ̀. Ọgbọ́n náà wà nínú jùdó títí di òní. Kata-guruma ni wọ́n ń pè é. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: ìwé ni ó fi ṣẹ́gun òmìrán.

Ní ọdún 1879, nígbà tí Ulysses Grant, ẹni tí ó ti jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, wá sí Tokyo, Fukuda àti Kano wà lára àwọn tí wọ́n ṣe àfihàn jujutsu níwájú rẹ̀. Kò pẹ́ sí àkókò náà ni Fukuda kú. Wọ́n kó àwọn ìwé àkájọ ẹ̀ka náà lé Kano lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà náà. Ẹlòmíràn ìbá sọ pé òun ti di ọ̀gá. Kano kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àgbàlagbà mìíràn nínú ẹ̀ka kan náà ni ó gbà lọ, Iso Masatomo. Bí Fukuda ti fẹ́ràn ìjà àjọjà, bẹ́ẹ̀ ni Iso fẹ́ràn kata, èyíinì ni ìlànà ìgbésẹ̀ tí a ń tẹ̀ lé bí ẹni ń jó ijó tí a ti là sílẹ̀. Iso náà kú ní ọdún 1881.

Lẹ́yìn ikú Iso, Kano lọ bá Iikubo Tsunetoshi ti ẹ̀ka Kito-ryu. Nínú ẹ̀ka yìí, gbígbé ènìyàn ṣánlẹ̀ ni wọ́n mọ̀ jù. Báyìí ni ó di pé Kano rí ohun tí ẹni tí ó wà ní ẹ̀ka kan ṣoṣo kò lè rí. Ohun tí àwọn ará ibí kò ní, àwọn ará ọ̀hún ní in. Ohun tí ó sì jọ ohùn méjì, orin kan náà ni. Àwọn ará ẹ̀ka ìgbà náà a máa pa ọgbọ́n wọn mọ́ bí awo, ṣùgbọ́n Kano gbà pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Kodokan

Ní ọdún 1882, Kano di olùkọ́ ní Gakushuin, ilé-ìwé àwọn ọmọ ìjòyè. Ní ọdún yìí kan náà ni ó ya ibì kan lò nínú tẹ́ḿpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tí a ń pè ní Eishoji, ní Tokyo. Ẹní 12 ni ó gba ilẹ̀ ibẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 9 ni ó kọ́kọ́ ní. Ó sọ ibẹ̀ ní Kodokan, ó sì pe ẹ̀kọ́ náà ní jùdó. Ẹni ọdún 21 ni.

Bí wọ́n bá ti ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀, ilé a máa mì, àwọn pákó ìrántí òkú a sì máa já bọ́ láti orí pẹpẹ. Inú olùtọ́jú tẹ́ḿpìlì kò dùn. Lálẹ́, Kano fúnra rẹ̀ a gbé fìtílà, a rá wọ abẹ́ ilé láti tún igi tí ó kán ṣe.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín jujutsu àti jùdó? Àkọ́kọ́ ni orúkọ. *Jutsu* ni ọgbọ́n tí a fi ń ṣe nǹkan. *Do* ni ọ̀nà tí ènìyàn ń tọ̀ ní ayé. Kano fẹ́ kí ìjà jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń tọ́ ènìyàn. Èkejì ni pé ó yọ ìlukílù àti àwọn ọgbọ́n tí ó lè pa ènìyàn lára kúrò nínú ìjà àjọjà, ó sì fi wọ́n sínú kata kí wọ́n má bàa parun. Ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń ṣubú láìfarapa kí ó tó kọ́ ọ bí a ti ń gbé ẹlòmíràn ṣubú. Ẹ̀kẹta, tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù, ni pé ó ṣàlàyé. Bí ó ti ń bá Iikubo jà, ó ṣàkíyèsí pé kò sí bí ọwọ́ ṣe lè le tó tí ó lè gbé ẹni tí ó dúró sán-ún. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ fa onítọ̀hún tí ìdúró rẹ̀ yẹ̀, ọmọdé lè gbé e. Ó pe èyí ní kuzushi. Ìdáhùn tí Fukuda kò fún un ní nìyẹn. Kano sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé nígbà tí Iikubo rí i pé òun kò lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ òun ṣánlẹ̀ mọ́, ó sọ pé òun kò ní ohun tí òun tún lè kọ́ ọ mọ́, ó sì fa àwọn ìwé ẹ̀ka rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kano kò sì da ti olùkọ́ rẹ̀ nù: kata ẹ̀ka Kito-ryu ṣì wà nínú jùdó títí di òní, Koshiki-no-kata ni orúkọ rẹ̀.

Láti ọdún 1883 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ipò dan mọ bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ̀síwájú. Àmùrè dúdú tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, láti Kodokan ni ó ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1893, ó gba akẹ́kọ̀ọ́bìnrin àkọ́kọ́, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè fojú inú rí obìnrin lórí ẹní ìjà.

Ọ̀gá ilé-ìwé

Láàárín ọdún 1889 sí 1891, ìjọba rán Kano lọ sí Yúróòpù láti wo bí wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀kọ́. Nígbà tí ó dé, ó di ọ̀gá ilé-ìwé ńlá kan ní Kumamoto. Òǹkọ̀wé Lafcadio Hearn kọ́ni ní ilé-ìwé náà, ó sì kọ̀wé nípa jujutsu tí ó rí níbẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1895. Ní ọdún 1893, wọ́n fi Kano ṣe ọ̀gá ilé-ìwé gíga tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Tokyo. Ó kúrò níbẹ̀, ó sì tún padà. Àpapọ̀ ọdún rẹ̀ níbẹ̀ lé ní 20 kí ó tó fẹ̀yìn tì ní 1920. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó jáde lábẹ́ rẹ̀ ni ó gbé eré ìdárayá lọ sí ilé-ìwé káàkiri ilẹ̀ wọn.

Kò fi mọ sí ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ nìkan. Láti ọdún 1896 ni ó ti ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ṣáínà, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún wọn. Ibẹ̀ ni Lu Xun, tí ó di ògbóǹtarìgì òǹkọ̀wé ilẹ̀ Ṣáínà, ti kọ́kọ́ kọ́ èdè Jàpáànì láàárín 1902 sí 1904.

Àgbà tí ń kọ́ ẹ̀kọ́

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ dúró díẹ̀ níbí yìí. Ó rọrùn fún ọ̀dọ́ láti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí irun bá ti funfun, tí orúkọ bá ti kàn, ta ni yóò tún jókòó síwájú ẹlòmíràn?

Ní ọdún 1906, Kano ṣe alága ìpàdé àwọn àgbà onírúurú ẹ̀ka jujutsu ní Kyoto, wọ́n sì jọ fẹnu kò lórí kata tí gbogbo wọn yóò máa lò. Ní ọdún 1922, olùkọ́ ilé-ìwé kan tí ń jẹ́ Funakoshi Gichin gbé kàràtẹ́ wá sí Tokyo láti erékùṣù Okinawa. Ẹni tí ó ti lé ní 50 ọdún ni Funakoshi, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó sì mọ̀ ọ́n ní Tokyo. Kano pè é wá sí Kodokan kí ó wá fi ohun tí ó mọ̀ hàn, ó sì fi ọ̀wọ̀ gbà á. Ní ọdún 1928, Kano dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nínú Kodokan láti ṣèwádìí ìjà àtijọ́, ó sì pe àwọn olùkọ́ idà àti ọ̀pá wá kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1930, ó lọ wo Ueshiba Morihei, ẹni tí ó dá ohun tí a wá mọ̀ sí aikido sílẹ̀. Ohun tí ó rí wú u lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rán akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Mochizuki Minoru, lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Ueshiba. Ẹni ọdún 69 ni Kano nígbà náà. Ọ̀gá tí ó rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé ọ̀gá mìíràn kò bẹ̀rù pé wọn yóò gba adé lórí òun.

Òkun ni ó kú sí

Ní ọdún 1909, Kano di ọmọ ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì àgbáyé; òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Éṣíà. Ní ọdún 1912, ó kó eléré ìje méjì péré lọ sí Stockholm, àwọn àkọ́kọ́ tí Jàpáànì rán lọ sí ìdíje náà. Ní ọdún 1936, wọ́n fún Tokyo ní Òlíḿpíìkì ti 1940. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1937, ogun gbiná láàárín Jàpáànì àti Ṣáínà, ilẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Kano ti tọ́ sọ́nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1938, ó lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ náà ní Káírò, ní Íjíbítì, láti rí i pé wọn kò gba ìdíje náà lọ́wọ́ Tokyo. Ó ṣe é yọrí. Nígbà tí ó ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi Hikawa Maru, òtútù àyà mú un, ó sì kú ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 1938, ní ẹni ọdún 77. Ọkọ̀ náà kò ní ju ọjọ́ díẹ̀ lọ mọ́ kí ó gúnlẹ̀ sí Yokohama.

Oṣù méjì péré lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìjọba Jàpáànì fúnra rẹ̀ kọ ìdíje náà sílẹ̀ nítorí ogun. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Jàpáànì ní 1945, wọ́n yọ jùdó kúrò ní ilé-ìwé, nítorí àwọn ológun ti fi ẹ̀kọ́ ìjà tọ́ ọmọ fún ogun. Ọdún 1950 ni jùdó tó padà wọlé. Ní Tokyo, ní 1964, jùdó di ara Òlíḿpíìkì, ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, Anton Geesink, sì gba wúrà ìdíje aláìníwọ̀n mọ́ àwọn onílé lọ́wọ́. Àwọn kan sunkún ní ọjọ́ náà. Ní tèmi, mo rò pé bí Kano bá wà láyé, yóò rí i pé irúgbìn tí òun gbìn ti hù ní oko ẹlòmíràn.

Ohun tí mo rí kọ́

Mi ò sọ pé Kano kò ní àléébù. Àwọn kan fẹ̀sùn kàn án pé bí Kodokan ti ń gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kéékèèké rọ, tí ohùn wọn kò sì ròkè mọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Odò ńlá a máa gbé odò kékeré mì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún rántí pé ayé ti kẹ̀yìn sí àwọn ẹ̀ka náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, àti pé òun náà ni ó pe àwọn àgbà wọn jókòó láti kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀.

Àwa náà ní ìjàkadì nílẹ̀ yìí. Àwọn bàbá wa jà á lójú agbo, onílù ń lù, obìnrin ń ki oríkì. Ọgbọ́n ẹsẹ̀ àti ọgbọ́n ìbàdí tí wọ́n ń lò nígbà náà, mélòó ni a kọ sílẹ̀? Mélòó ni ó ní orúkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ wa lè dá mọ̀? Bí àgbàlagbà kan bá ṣì wà ní àdúgbò yín tí ó ja ìjàkadì nígbà èwe rẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú ìwé àti kálàmù lọ bá a. Ẹ má jẹ́ kí ó di pé ìtàn ni a ó máa sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi tán. Ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, ọmọ kan nínú kíláàsì mi béèrè ìdí tí a fi ń sọ pé "mo rà á", tí a sì ń sọ pé "mo ra aṣọ". Kí ló dé tí ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe náà kò dúró lójú kan? Mo dá a lóhùn pé bí a ti ń sọ ọ́ nìyẹn, kí ó kọ ohun tí ó wà lójú pátákó. Ó jókòó. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́ títí ó fi jáde. Nígbà tí mo ka ìtàn Kano àti Fukuda, ojú ọmọ náà ni mo rí. Mo ti gbé e ṣánlẹ̀, n kò sì ṣàlàyé. Láti ìgbà náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi mí ní ohun tí n kò mọ̀, mo máa ń sọ fún un pé kí ó fún mi di ọ̀la. Lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi náà yóò gbé fìtílà, n ó wọ abẹ́ ilé, n ó wo igi tí ó kán.